Bí A Ṣe Ń Wá Ilé Rere fún Ajá Tó Ti Dàgbà

Nígbà tí àwọn tó ń gbé òkè wa jápa lọ sí Kánádà, wọ́n ta fíríìjì, wọ́n ta jẹnẹrétọ̀, wọ́n fi àga ìjókòó sílẹ̀ fún láńlọ́ọ̀dù. Ajá wọn nìkan ni kò rí oníbàárà. Wọ́n so ó mọ́ òpó táǹkì omi, wọ́n gbé abọ́ ẹ̀bà kan tì í, wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn ń bọ̀ wá mú un lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mọ́ńdè mẹ́ta kọjá, ẹ̀gbọ́n ò dé. Bí Tanímọ̀la ṣe di tèmi nìyẹn, ajá ìbílẹ̀ pupa kan tí eyín rẹ̀ ti gbó, tí irun ẹnu rẹ̀ sì ti funfun bí ẹni ki ẹnu bọ ògì.

Láti ìgbà náà, ajá márùn-ún ni mo ti bá wá ilé n'Ìbàdàn níbí, kò sí èyí tó jẹ́ ọmọ ajá nínú wọn. Mo ti ṣe àṣìṣe nídìí ẹ̀ náà, mo ti fi ọ̀kan lé ẹni tí kò yẹ lọ́wọ́ rí, n ó sọ ọ́ tí a bá débẹ̀. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ yìí wà fún ẹni tó ti gba ajá àgbà kan sílẹ̀, ìbáà jẹ́ lójú títì, ìbáà jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń kó lọ, tí kò sì lè tọ́jú rẹ̀ títí. Kò sí ìtìjú nínú pé ẹ ń wá ilé fún un. Ohun tó burú ni kí ẹ gbé e fún ẹni tó bá kọ́kọ́ nawọ́. Ilé tó bá ajá àgbà mu kì í pọ̀, ẹyọ kan ṣoṣo náà la sì ń wá.

Ẹ rí i dájú pé kò ní olówó

Bó bá jẹ́ ojú títì lẹ ti rí i, ẹ má tíì sọ pé kò ní ilé. Ọ̀pọ̀ ajá ládùúgbò wa ló ní olówó tó sì ń rìn kiri láti àárọ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ fi han àwọn máígádí, àwọn ọlọ́kadà tó ń dúró ní oríta, àti ìyá tó ń dín àkàrà níbẹ̀. Ìyá alákàrà mọ gbogbo ajá àdúgbò, torí gbogbo wọn ló máa ń wá jókòó tì í. Tí ẹ bá gbé fọ́tò náà sórí WhatsApp, ẹ fi àmì kan pamọ́: bí etí rẹ̀ kan bá ya, ẹ ya apá kejì. Ẹni tó bá wá pè é ní tiẹ̀, kó sọ etí tó ya fún yín.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo máa ń dúró. Bí ẹ bá gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹran, ẹ bi í bóyá ó ní ẹ̀rọ tó fi ń wo microchip, ohun kékeré tó ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wá olówó ajá. Kì í ṣe gbogbo ajá ilẹ̀ yìí ló ní in, àmọ́ ajá tí wọ́n gbé wá láti òkè òkun lè ní in lábẹ́ awọ láàárín èjìká, kò ju hóró ìrẹsì lọ.

Dókítà ẹran lẹ ó kọ́kọ́ lọ rí

Ẹ má polówó ajá tí dókítà ò tíì wò. Ẹni tó fẹ́ gbà á á bi yín ní ìbéèrè, "mi ò mọ̀" kì í sì í fi ọkàn ẹnikẹ́ni balẹ̀. N'Ìbàdàn, ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn wà. L'Ábẹ́òkúta, ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, wà níbẹ̀. Bí ibẹ̀ bá jìnnà sí yín, ẹ wá dókítà ẹran tó ní ìwé àṣẹ, kì í ṣe ẹni tó ń ta oògùn ajá lẹ́bàá ọ̀nà.

Dókítà lè fi eyín àti ojú fojú díwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀. Ajá ńlá a máa tètè gbó ju ajá kékeré lọ. Alsatian tó bá ti pé ọdún 7 tàbí 8, àgbà ni. Àwọn ajá kéékèèké mìíràn ò ní fi hàn pé àwọn ti dàgbà títí wọn ó fi tó ọdún 10 sí 12. Tanímọ̀la, nǹkan bí ọdún 9 ni wọ́n pè é.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi ló ṣáájú ohun gbogbo, n kò sì í bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà lórí ẹ̀. Nínú itọ́ ajá ni kòkòrò àìsàn náà ń gbà wọ ara ènìyàn, bí ajá bá géni jẹ tàbí tó lá ojú egbò. Bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára ènìyàn, ikú ló sábà máa ń já sí. Nítorí náà, bí ajá tí ẹ kò mọ ìtàn rẹ̀ bá gé yín jẹ nígbà tí ẹ ń gbà á sílẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi ata sí i, ẹ má lọ gé irun ajá náà jó lé e. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń gún ajá ní abẹ́rẹ́ yìí níbí, dókítà yóò sì kọ ọ́ sínú káàdì. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ni Àyájọ́ Dìgbòlugi Lágbàáyé, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ mìíràn a sì máa gún ajá lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà náà, kí ẹ máa tẹ́tí sí rédíò.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan aràn àti eégbọn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ọ̀tápíàpíà wẹ ajá. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe é, mo sì mọ ajá tó kú sórí ẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ajá a máa lá ara rẹ̀, ohun tó bá wà lára á sì dé inú. Ọ́ìlì kọ́ńdẹ́m tí àwọn mẹkáníìkì ń dà sọnù náà ńkọ́, tí wọ́n ń fi pa ajá tí ara rẹ̀ ń bó? Májèlé ni. Oògùn tó yẹ wà lọ́dọ̀ dókítà. Kó sì fọwọ́ ṣí ètè ajá náà, kó wo èrìgì rẹ̀: tó bá funfun ráńgbánráńgbán, ó lè jẹ́ pé eégbọn ti kó ibà sí i lára, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló máa fi hàn.

Kó yẹ ojú ara rẹ̀ wò pẹ̀lú. Láàárín ajá tó ń rìn kiri lọ́dọ̀ wa, kókó kan wà tó máa ń yọ níbẹ̀, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ajá kan máa ń kó ran ìkejì bí wọ́n bá gun ara wọn. Ó ń bani lẹ́rù láti wò, ọ̀pọ̀ ènìyàn á ti sọ pé kí wọ́n lọ pa ajá náà. Bẹ́ẹ̀, ó wà lára àwọn jẹjẹrẹ tó máa ń gbọ́ oògùn. Abẹ́rẹ́ vincristine lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ọ̀pọ̀ wọn ló ń san. Abo tó ti dàgbà tí wọn ò ṣe iṣẹ́ abẹ fún rí, ilé ọmọ rẹ̀ lè kún fún ọyún, ìyẹn sì lè pa á kíákíá. Torí náà, bí dókítà bá ní ara rẹ̀ gbà á, kí wọ́n tẹ akọ lọ́dàá, kí wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún abo kó má bímọ mọ́. Àǹfààní kejì wà níbẹ̀: ẹni tó ń wá ajá tí yóò máa fi bímọ tà á pa dà lẹ́yìn yín fúnra rẹ̀.

Ojú rẹ̀ lè ti ń ṣe bí aró díẹ̀ láàárín. Ẹ má tíì sọ pé ó ti fọ́ lójú. Ojú ajá àgbà a máa rí bẹ́ẹ̀ tí á sì máa ríran. Ẹ já òwú díẹ̀, kí ẹ jù ú sílẹ̀ níwájú rẹ̀ láti òkè. Òwú kì í dún. Bí ojú rẹ̀ bá tẹ̀ lé e dé ilẹ̀, ó ń ríran. Tanímọ̀la tẹ̀ lé e, ó sì gbé òwú náà mì.

Ẹ bá a gbé díẹ̀, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń sọ pé ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oṣù mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ̀rù ló ń bà á. Tó bá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti mọ ìgbà oúnjẹ, ìwà rẹ̀ á wá yọ. Oṣù mẹ́ta ló tó kó tó gbà pé ibẹ̀ nilé. Kì í ṣe òfin, àmọ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀. Ajá tó lọ́ mọ́ kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kejì kò tíì sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín.

Mo ra ìwé kékeré kan, mo ń kọ ohun tí mo bá rí. Ti Tanímọ̀la ṣì wà lọ́wọ́ mi: "Kì í tọ̀ sínú ilé. Ó kọ àtẹ̀gùn. Agboòrùn bà á lẹ́rù, ó sá sábẹ́ mọ́tò. Lé adìẹ Màmá Ṣọlá, kò bá a. Tí wọ́n bá pe ìrun àsùbá ní mọ́sáláṣí, ó ń dá wọn lóhùn, yóò gbé orí sókè, 'wúùùù', títí wọn ó fi parí." Nǹkan bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ gbà á nílò, ju kí ẹ sọ pé ajá dáadáa ni.

Àwọn ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ dájú kò pọ̀. Ṣé á kùn bí ẹnìkan bá sún mọ́ abọ́ oúnjẹ rẹ̀? Kí ló ń ṣe sí ajá mìíràn, ewúrẹ́, ológbò? Ṣé ó lè wà lóun nìkan fún wákàtí mẹ́rin láìhu? Ní ti ọmọdé, ẹ má fi ọmọ ẹnikẹ́ni dán an wò. Ẹ jẹ́ kó máa wo àwọn ọmọ láti ẹ̀yìn géètì, kí ẹ máa wo ìrù àti etí rẹ̀.

Àwọn tó máa ń sọ pé ajá àgbà kò ṣeé kọ́ mọ́, àwọn wọ̀nyí ni mo máa ń rántí òwe fún: àgbà ajá kì í ba awọ jẹ́. Àwọn baba wa tó pa á ti rí i pé ọmọ ajá ló ń ya bàtà, tó ń wú ilẹ̀, tó ń ké mọ́jú. Àgbà ti kúrò níbẹ̀. Ohun tí ẹ ní láti polówó nìyẹn.

Fọ́tò àti ọ̀rọ̀ tó máa tẹ̀ lé e

Ẹ wẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó jẹun, kó tún ara rẹ̀ ṣe. Kí ẹ wá lóṣòó kí ojú yín àti ojú rẹ̀ wà ní ọgbọọgba, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀ kí oòrùn tó mú. Ajá dúdú ṣòro yà, ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ á ti bá a lójú, kó má di òkùnkùn lásán tó ní eyín. Ẹ má fi ṣéènì hàn nínú fọ́tò, ẹni tó bá rí ṣéènì ńlá á rò pé ó burú. Fídíò ìṣẹ́jú kan tó ń rìn, kí ènìyàn rí bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀, ó dára ju fọ́tò mẹ́wàá lọ.

Ọ̀rọ̀ tí mo kọ sábẹ́ ti Tanímọ̀la rèé:

"Ajá ìbílẹ̀ pupa, akọ, bí ọdún 9. Tanímọ̀la lorúkọ rẹ̀. Wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́dún yìí, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, káàdì wà. Kì í ya bàtà jẹ, kì í tọ̀ sínú ilé. Á gbó tí àlejò bá dé, á sì dákẹ́ tí ẹ bá ní ó tó. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn máa ń dùn ún láàárọ̀, kò lè gun àtẹ̀gùn. Ó máa ń lé adìẹ. Ààrá àti ẹni tó bá na igi sókè ń bà á lẹ́rù. Ilé tó ní ọgbà àti géètì la ń wá fún un, tí ẹnìkan máa ń wà nílé lọ́sàn-án. A ò tà á, àmọ́ a ó wá wo ilé yín kó tó dé."

Ọ̀rẹ́ mi kan ní mo ti ba ọjà jẹ́, kí ló kàn mí pẹ̀lú adìẹ àti ẹsẹ̀? Ọjọ́ kẹta tó bá dé ilé tuntun, wọ́n á ṣáà rí ẹsẹ̀ náà. Bí mo bá fi pamọ́, ọjọ́ kẹrin ni wọ́n máa dá a pa dà, tàbí kí wọ́n jù ú sí títì. Àbùkù tí a ti sọ tẹ́lẹ̀ kì í dá ìjà sílẹ̀.

Ibi tí mo máa ń gbé e sí: státọ́ọ̀sì WhatsApp mi, ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn onílé àdúgbò, ìwé lára ògiri ọ́fíìsì dókítà ẹran (ibẹ̀ ló dáa jù, torí ẹni tó bá débẹ̀ ti ń náwó lórí ẹran tẹ́lẹ̀), àti ìjọ. Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ajá nínú àkámọ́ lẹ́bàá ọ̀nà kí wọ́n bá yín wá oníbàárà. Ẹ má sì kọ "ọ̀fẹ́" gàdàgbà sórí ẹ̀. Mo máa ń gba owó abẹ́rẹ́ kan péré. Kì í ṣe torí èrè, ẹni tí kò bá lè san owó abẹ́rẹ́ kan lónìí ò ní lè san tọdún tó ń bọ̀.

Ẹni tó bá pè yín lórí fóònù

Ẹ fetí sí ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀sán, mo rí ajá yẹn. Kílò mélòó ni?"

Ẹni tó béèrè kílò kó tó béèrè orúkọ, ìkòkò ló ní lọ́kàn. Ẹ kú ọ̀sán, ó dàbọ̀. Àwọn tó ń jẹ ajá wà láàárín wa, kì í ṣe àṣírí. Ògún sì ń gba ajá, gbogbo wa la mọ̀. N kò bá onísìn jà, n kò sì fi ẹnu gbé ẹnikẹ́ni sọnù. Mo kàn máa ń bi wọ́n ní gbangba, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé wọ́n ń jẹ ajá nílé yín, àbí ẹ fẹ́ fi ṣe ètùtù?" Ẹni tí kò sí nínú rẹ̀ á rẹ́rìn-ín, á dáhùn. Ẹni tó bá bínú, ó ti dáhùn náà. Ẹni tó ní dúdú láìsí ẹyọ irun funfun kan ni òun ń wá, ẹ má bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Àwọn ìbéèrè tó kù nìyí, kí ẹ máa bi wọ́n bí ẹni ń ṣeré, kì í ṣe bí ọlọ́pàá. Ilé tiyín ni tàbí ẹ háyà? Ṣé láńlọ́ọ̀dù gbà? (Ẹ bá láńlọ́ọ̀dù náà sọ̀rọ̀.) Ta ló máa fún un lóúnjẹ bí ẹ bá rìnrìn àjò? Níbo ló máa sùn? Ajá tí ẹ ní tẹ́lẹ̀ ńkọ́, kí ló pa á? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ẹni tó sọ fún mi pé ajá òun gbé ọdún 12, tó sì sọ bó ṣe sin ín sídìí igi máńgòrò, n kò bi í ní nǹkan mìíràn mọ́. Ẹni tó sọ pé mẹ́ta ti "kú ṣá" láàárín ọdún méjì, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ òní, mo ti fi ọ̀kan kún un: "Ṣé ẹ ń gbèrò àtijápa?" Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín.

Ọ̀pọ̀ ilé Mùsùlùmí ni kò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ ìrun. Ìyẹn ò ní kí wọ́n má lè ní ajá. Ajá aṣọ́lé àti ajá ọdẹ wà lára èyí tí ẹ̀sìn gbà láyè. Kí ẹ sáà ti mọ̀ pé ìta ni yóò máa gbé, kí ìta náà ní ibòji, kí òjò má sì rọ̀ sí i lára.

Irú ilé tó máa ń bá àgbà ajá mu

Àwọn ìdílé tó ní ọmọ kéékèèké ló máa ń kọ́kọ́ pè, wọ́n sì máa ń fẹ́ ọmọ ajá bí wọ́n bá rí fọ́tò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ. Ẹni tí ajá àgbà máa ń bá mu lẹni tí òun náà ti rọra ń rìn: olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, ìyá tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ tán, tí ilé ti dákẹ́ jù. Wọn ò wá ajá tó máa fò géètì. Wọ́n ń wá ẹni tó máa gbó tí ẹnìkan bá fọwọ́ kan géètì ní òru, tí yóò sì jókòó tì wọ́n tí wọ́n bá ń ṣa ìrẹsì. Ẹ ṣe èyí fún wọn pẹ̀lú: kí wọ́n ní ọmọ kan tàbí ìbátan kan tó gbà láti mú ajá náà bí ìyá bá ṣàárẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà ẹni náà.

Àṣìṣe mi rèé. Ajá kejì tí mo bá wá ilé, bàbá kan ní òun ní oko adìẹ, ilẹ̀ gbàǹgbà, ajá á máa sáré kiri. Ó dùn létí. N kò lọ wo ibẹ̀, torí ọ̀nà jìn, òjò sì ń rọ̀. Nígbà tí mo lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ṣéènì tí kò gùn ju apá mi lọ ni wọ́n fi so ó lẹ́yìn ilé adìẹ, nínú oòrùn, omi inú abọ́ rẹ̀ ti ní ewédò. Ilẹ̀ gbàǹgbà wà lóòótọ́. Mo gbé e pa dà lọ́jọ́ náà. Awakọ̀ Mícrà gba owó ẹni mẹ́ta lọ́wọ́ mi, mo san án.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹsẹ̀ mi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀. Tí mo bá dé, mo máa ń wo ìsàlẹ̀ géètì bóyá àlàfo wà tí ajá lè gbà jáde, ibi tí òjìji wà ní aago méjì ọ̀sán, kànga tí kò ní ìdérí, àti bí àwọn ọmọ ilé ṣe ń ṣe sí ewúrẹ́. Bí wọ́n bá ń sọ òkò lu ewúrẹ́, òkò kan náà ló ń dúró de ajá.

Ìpàdé, ìdánwò, ìwé

Kí wọ́n wá wò ó nílé yín lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ gbé e lọ sílé wọn lẹ́ẹ̀kan. Bí ajá mìíràn bá wà níbẹ̀, ẹ má kó wọn pàdé nínú ọgbà onílé. Ìta, lójú ọ̀nà tó dákẹ́, ni kí àwọn méjèèjì ti jọ rìn, kí okùn wọn má le. Bí wọ́n bá ti rìn dé ìdí kan, wọ́n á jọ wọlé.

Ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì láti fi dán an wò. Láàárín ìgbà náà, ajá ṣì jẹ́ tiyín, bí wọ́n bá sì dá a pa dà, ẹ má bínú sí wọn. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá kọ ìwé. Kò nílò lọ́yà. Ojú ewé kan tó: orúkọ, nọ́ńbà, àdírẹ́sì, pé wọn ò ní tà á, wọn ò ní pa á, wọn ò ní fún ẹlòmíràn láìsọ fún yín, àti pé bí ọjọ́ kan bá le, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n á gbé e pa dà sí. Ẹ jọ fọwọ́ sí i. Ìwé yẹn ò lágbára tó bẹ́ẹ̀ nílé ẹjọ́, àmọ́ ẹni tó ti fọwọ́ sí i á rántí pé ẹnìkan máa béèrè.

Ọjọ́ tó máa lọ, àti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e

Ẹ má fún un ní oúnjẹ wúwo kó tó wọ mọ́tò. Ẹ di nǹkan wọ̀nyí fún un: káàdì rẹ̀, abọ́ rẹ̀, aṣọ tàbí ẹní tó ti ń sùn lé láìfọ̀, àti oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan nínú èyí tó ń jẹ lọ́dọ̀ yín. Kí wọ́n máa fi tuntun lú u díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ méje, ikùn àgbà ajá kì í fẹ́ ìyípadà òjijì. Àlùbọ́sà àti ṣokoléètì ò dára fún un. Egungun adìẹ tí wọ́n ti sè a máa ṣẹ́ bí abẹ́rẹ́, kí wọ́n jìnnà sí i.

Kó má sùn sórí sìmẹ́ńtì lásán, pàápàá nígbà ọyẹ́. Páálí tí wọ́n tẹ́ ẹní lé ti tó, ara ríro rẹ̀ á dín kù. Àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, kí géètì wà ní títì ní gbogbo ìgbà, kí wọ́n má sì tú u sílẹ̀ lóde. Ajá tó bá sá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ilé àtijọ́ ló ń wá lọ, kò sì mọ ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí n kò fi í gbé ajá lọ sílé tuntun lóṣù Kejìlá: bí nọ́káàótì bá ti ń dún, àgbà ajá tí ẹsẹ̀ ń dùn á fo ọgbà.

Kí wọ́n má pààrọ̀ orúkọ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó mọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwa Yorùbá ló ń fi orúkọ ajá pòwe mọ́ aládùúgbò, a sì mọ ara wa. Ìyá tó gba Tanímọ̀la, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ní Agodi, pè mí lọ́jọ́ kẹta pé ìyàwó ilé kejì ti béèrè pé ta ni mọ́mì ń pa á mọ́. A fẹnu kò sí "Tàní". Ó ń dá a lóhùn.

Bí ẹnikẹ́ni ò bá pè

Ó lè pẹ́. Ọ̀kan lò tó oṣù méje lọ́dọ̀ mi. Ẹ yí fọ́tò pa dà, ẹ yí ọ̀rọ̀ pa dà, ẹ wá ẹni tó lè gbà á ṣe àlejò fún oṣù kan kí ara yín sinmi. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti máa ń dúró pátápátá. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń gba ẹran là wà l'Ékòó, ẹ lè kàn sí wọn, àmọ́ àyè wọn sábà máa ń kún, kí ẹ mú fọ́tò àti káàdì dání kí ẹ tó pè. Bí dókítà bá wá sọ pé ìrora rẹ̀ ti kọjá ohun tí oògùn lè ká, dókítà ni kó fi abẹ́rẹ́ mú un sùn, kí ẹ sì wà níbẹ̀.

Tó bá ti rí ilé, ẹ pe wọ́n lọ́jọ́ kẹta, ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ní oṣù kẹta. Kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, torí ọdún kan lára ajá àgbà kì í ṣe ọdún kan bíi tiwa. Ẹ kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ sínú fóònù tiyín náà.

Oṣù kẹta Tanímọ̀la, kò tíì mọ́ tí fóònù mi fi dún. Mo rò pé ó ti ṣẹlẹ̀. Mọ́mì ò tilẹ̀ kí mi. "Ẹ gbọ́ ọ," ni wọ́n wí, wọ́n gbé fóònù síta. Mo gbọ́ mọ́sáláṣí Agodi ń pe àsùbá, mo sì gbọ́ ọ, wúùùù, títí wọ́n fi parí. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ ṣeun o. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ni o." Wọ́n ní àwọn ti kọ ọ́ sára ògiri.